Ẹ̀yin Ọmọ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, Ẹ Má Dákẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, ojú yín ni ilẹ̀ yìí ṣe ń yí padà. Láti 2006 tí wọ́n ti dá Lẹ́kkí Free Zone sílẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbọn ti di ọgbà ilé iṣẹ́, àwọn abúlé kan sì ti ṣí kúrò níbi tí baba ńlá wọn tẹ̀dó sí. Ní 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kkí àti ilé ìfọpo Dangote. Iṣẹ́ dé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òbí tó ń ṣiṣẹ́ òru kì í fi bẹ́ẹ̀ rójú rí ọmọ, ọmọ tí wọ́n ṣí nídìí sì lè wà láàárín èrò kó má rí alábàárò. Nínú irú ariwo báyìí, ọkàn ọmọ lè máa ṣàárẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura.

Àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ó ń mú ọmọ olówó, ó ń mú ọmọ apẹja. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní àìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn.

Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò á sunkún lónìí, á tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìbànújẹ́ kò tú ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀, ẹ fura. Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò yọjú sí pápá mọ́. Oorun rẹ̀ dàrú, oúnjẹ kò wù ú, orí ń fọ́ ọ, inú ń run ún, ìwé rẹ̀ ń wálẹ̀. Nígbà mìíràn ìbínú ló máa ń hàn, tí àwọn ará ilé á fi ní ó ti ya aláìgbọràn. Bí ó bá ń sọ pé òun kò wúlò, tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ jókòó tì í. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀ láìdá a lẹ́jọ́. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé ó ń ronú ikú, ẹ bi í ní tààrà. Ìbéèrè kọ́ ló ń fi èrò ikú sí ènìyàn lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ pe àgbàlagbà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kó oògùn àti májèlé apakòkòrò kúrò nítòsí rẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767.

Ó lè bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, àṣírí yìí kò ṣe é pa mọ́. Bí ọ̀rẹ́ bá bínú, a ó bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi yọ́nú. Ẹni tó bá kú kò ṣe é bẹ̀. Bí àgbà àkọ́kọ́ bá ní, “Ọmọdé, kí lo rò tó ń dà ọ́ láàmú?”, ẹ lọ bá ẹlòmíràn: tíṣà, nọ́ọ̀sì, pásítọ̀, àlùfáà. Ẹ má sinmi títí ẹnì kan yóò fi dìde.

Ìwòsàn wà. Àwọn tó mọṣẹ́ á bá a sọ̀rọ̀ léraléra, wọ́n sì lè fún un lóògùn bó bá gba bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìlera tó súnmọ́ yín. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àìlera ọpọlọ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á, kí ẹ sì máa lọ sí ọsibítù. Ní Aró l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, mú kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú dókítà. Ó fi yé ayé pé ènìyàn ẹni wà lára oògùn.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí gan-an, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.