Èso Kíkan àti Ẹ̀jẹ̀ Ara: Ẹ̀kọ́ fún Aboyún àti Ìyá Ọlọ́mọ

Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀mí. Bí ẹ̀jẹ̀ aboyún kò bá tó, ó lè bímọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dà lára rẹ̀ nígbà ìkúnlẹ̀, ìwọ̀n tí ara ẹlòmíràn lè gbà lè gba ẹ̀mí tirẹ̀. Àárẹ̀ tí kò lọ, òòyì, èémí tí kò délẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú tí ó funfun wà lára àmì tí ó yẹ kí aboyún fi sáré lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí ohun kan tí kò wọ́n, tí ẹ lè ṣe nídìí oúnjẹ láti ran ẹ̀jẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ohun tí ìwádìí òkèèrè fi hàn

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi kúkúrú kan wà tí ń so èso dúdú kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀. Èso náà kan, blackcurrant sì ni orúkọ rẹ̀. Gooseberry jẹ́ ìbátan rẹ̀. Wọn kì í ṣe èso ilẹ̀ wa, nítorí pé wọ́n ń fẹ́ òtútù líle kí wọ́n tó lè tanná dáadáa.

Ní ọdún 1928, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Albert Szent-Györgyi, yọ èròjà tí a wá mọ̀ sí fítámì C. Ní 1937, ó gba Ẹ̀bùn Nobel. Ní àwọn ọdún 1930 yìí kan náà, àwọn olùwádìí ní Long Ashton, lẹ́bàá ìlú Bristol, ń ṣe iṣẹ́ lórí omi èso, wọ́n sì rí i pé fítámì C pọ̀ gan-an nínú blackcurrant. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọkọ̀ ojú omi kò lè kó ọsàn wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti yẹ, omi èso yìí ni wọ́n ń pín fún àwọn ọmọdé kí ara wọn lè le.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé fítámì C ni a ń wá, kì í ṣe orúkọ èso. Gíráàmù 100 blackcurrant ní nǹkan bíi mílígíráàmù 180 fítámì C. Ọsàn mímu ní bíi 50, ìbẹ́pẹ ní bíi 60. Gúáfà, tí àwọn ọmọ ń ká lórí igi ẹ̀yìnkùlé, ń ní ju 200 lọ. Èso kajú náà ju ọsàn lọ dáadáa. Ẹni tí ó bá ti Bẹẹrẹ gba ìsàlẹ̀ òkè Mápó lọ sí Ọjà'ba yóò rí èyí tí ìgbà rẹ̀ bá tó nínú wọn lórí àtẹ. Ní Ìdí-Iṣin, nínú ìlú Ìbàdàn kan náà, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní 1975, wà. A kò ṣaláìní èso, a kò sì ṣaláìní ẹni tí ń wádìí rẹ̀.

Àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì àti èso

Èròjà irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Irin inú ẹran àti ẹja kì í ṣòro fún ìfun láti fà mu. Irin inú ewé àti ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀: púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Fítámì C ní ń yí irú irin yìí padà sí èyí tí ìfun lè gbà. Ìwádìí ti fi hàn pé bí méjèèjì bá pàdé nínú oúnjẹ kan náà, irin tí ara ń rí gbà nínú oúnjẹ náà lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin wà nínú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n iná ń ba fítámì C jẹ́, kán-ún tí a fi ń se ewédú sì tún ń ba á jẹ́ sí i. Nígbà tí ọbẹ̀ bá fi jinná, irin wà níbẹ̀, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi aboyún kan ní agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnká ṣe àpẹẹrẹ. Ó jẹ àmàlà ní ọ̀sán, ó mu tíì lé e, ó wá mu ọsàn ní alẹ́. Tíì ti dí irin lọ́wọ́, ọsàn sì dé lẹ́yìn tí oúnjẹ ti kọjá. Bí ó bá mu ọsàn náà gẹ́lẹ́ bí ó ti jẹun tán, tí ó sì fi tíì sílẹ̀ di bíi wákàtí kan tàbí méjì, owó kan náà ni yóò ná, àǹfààní rẹ̀ yóò sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ ó ti ṣe é

1. Ẹ ra èso odindi. Ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gé e nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Èso tí a ti gé sílẹ̀ lójú ọ̀nà ń kó eruku àti àrùn, fítámì inú rẹ̀ sì ń dín kù.

2. Ẹ má ṣe gbé ọkàn lé ohun mímu inú páálí. Ní 2004, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé méjì ní New Zealand yẹ ohun mímu blackcurrant kan wò, wọ́n sì rí i pé fítámì C inú rẹ̀ kò tó bí ìpolówó ti wí. Ní 2007, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é.

3. Ẹ má ṣe jẹ kí ọmọdé fi eyín fọ́ kóró kajú tútù. Epo inú èèpo rẹ̀ ń bó ẹnu.

4. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ mu omi èso. Ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ lè gún ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n fún un.

Ohun tí èso kò lè ṣe

Èso kò lè rọ́pò hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aboyún. Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kí aboyún máa gba mílígíráàmù 30 sí 60 èròjà irin lójoojúmọ́, pẹ̀lú folic acid. Èso kò sì lè lé ibà tàbí aràn, tí àwọn náà ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gba oògùn ibà tí a fi ń dáàbò bo oyún. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, pàápàá ẹni tí a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà kí ó tó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí.

Ẹ rántí: ewé àti ẹ̀wà ní irin, èso tútù ní ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wọlé. Ẹ̀yin bàbá, nígbà tí ẹ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹ ra èso fún aboyún ilé yín, kí ẹ sì bi í bí ó bá ti lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.