"Annular" Kì Í Ṣe Ọdọọdún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi wá ní kíláàsì Jọ́gíráfì pé kí ni "annular eclipse". Ọ̀rẹ́ mi kan dáhùn kíá pé èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ni. Ẹni mẹ́ta sì gbè é lẹ́sẹ̀! Mi ò dá wọn lẹ́bi, torí ọ̀rọ̀ náà jọ "annual" gan-an. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà.

"Annual" wá láti inú annus, ìyẹn ọdún ní èdè Látìn. "Annular" wá láti inú anulus, ìyẹn òrùka. N kan ṣoṣo ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń kọ ọ́. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ di n méjì, ló bá wá jọ ti ọdún.

Tí òṣùpá bá jìnnà sí ayé, á kéré lójú wa. Tó bá wá bọ́ síwájú oòrùn nígbà náà, kò ní lè bò ó tán, etí oòrùn á yọ yí i ká bí òrùka iná. Irú rẹ̀ kọjá ní Gabon, Kóńgò àti Tanzania títí dé Madagascar ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, 2016. Èyí tó gba Nàìjíríà kọjá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 2006 kì í ṣe annular: níbi tó ti kún, òṣùpá bo oòrùn pátápátá ni. Ní 2018 àti 2022 ńkọ́? Kò sí annular kankan níbikíbi láyé. Ṣé ohun ọdọọdún nìyẹn?

Ẹ̀yin oní-Bàọ́lọ́jì, òrùka yẹn náà ló wà nínú Annelida, orúkọ tí Lamarck ará Faransé fún àwọn ekòló. Ẹ mú ekòló kan lẹ́yìn òjò kí ẹ kà á. Òrùka ara rẹ̀ lè lé ní 100. (Ọ̀kùn náà ní òrùka lára o, ṣùgbọ́n ó lẹ́sẹ̀, èèpo ara rẹ̀ sì le. Arthropoda ni tiẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ mọ́ Annelida ní WAEC.)

Ti Ìṣirò ni mo fẹ́ràn jù: annulus. Tó bá jẹ́ èmi ni màá sọ ọ́ ní Yorùbá, òṣùká ni màá pè é. Òrùka ìka ti tín-ín-rín jù. Òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù lọ sọ́jà Ọwọ́de fẹ̀ dáadáa, ó rí róbótó, ihò sì wà láàárín rẹ̀. Ká ní láti àárín dé etí òde jẹ́ 9 cm, láti àárín dé etí ihò sì jẹ́ 5 cm. Ọ̀pọ̀ á yọ 5 kúrò nínú 9, wọ́n á ní 4 lọ́nà 4, wọ́n á fi 22/7 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á rí bí 50. Rárá o! Odindi la kọ́kọ́ ń wá, ká tó yọ ihò: 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, ó ku 56. Ẹ fi 22/7 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 176.