Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan sí Etí Òkun, Ta ni Ẹ Ó Bá Lọ?



Nígbà tí ìsinmi bá dé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Òrè, Odìgbó àti agbègbè wọn máa ń fẹ́ jáde lọ gbafẹ́. Èkó ni ọkàn àwọn mìíràn máa ń lọ, bẹ́ẹ̀ òkun kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní etí òkun tí ó gùn tó nǹkan bí 80 kìlómítà, ní ilẹ̀ àwọn Ìlàjẹ. Bí ọ̀nà bá dára, tí ènìyàn sì tètè jáde lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó lè lọ kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Ìgbafẹ́ tí kò bá ẹ̀ṣẹ̀ rìn kì í ṣe èèwọ̀. Nínú Súrátùl-Ankabúùt, áyà 20, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a rìn lórí ilẹ̀, kí a sì wo bí Òun ti ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Nítorí náà, ìrìn-àjò jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá rìn ni yóò sọ bóyá ẹ̀kọ́ ni a ó kó bọ̀ wálé, tàbí àbámọ̀.

1. Ojú ọ̀nà wa

Láti Òrè, tí ó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin, bọ́ọ̀sì yóò kọrí sí Òkìtìpupa. Òrè yìí kan náà ni ìjà gbígbóná ti wáyé nígbà ogun abẹ́lé ní ọdún 1967, tí àwọn àgbà fi ń sọ títí di òní pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." Ẹ ó rí oko ọ̀pẹ lọ rẹrẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà kí ẹ tó dé Igbókòdá, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹja ti ń pàdé. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wọ̀ lọ sí àwọn ìletò etí òkun. Ẹ ó rí ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó, àti igi tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta nínú omi.

Ẹ fi ojú sílẹ̀ dáadáa. Ní ìhà Àrárọ̀mí, iyanrìn ni ẹ ó tẹ̀ létí òkun. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ. Òkun kan náà ni, ilẹ̀ kò rí bákan náà.

2. Ta ni ọ̀rẹ́ ìrìn-àjò?

Àwọn baba wa sọ pé àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ọ̀rẹ́ rere ni yóò jí ọ fún Àsùbáà. Bí awakọ̀ bá ń sáré àsápajúdé ní ọ̀nà márosẹ̀, yóò bá ọ lanu sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti kún àkúnjù, yóò ní kí ẹ dúró de òmíràn. Kò ní fi ọ́ ṣẹ̀sín nítorí pé o ní kí wọ́n fún ọ ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí í gbé ènìyàn léfòó. Ọ̀rẹ́ tí ó ń pe ìṣọ́ra ní ojo kò yẹ ní ẹni tí a ń bá lọ sójú omi.

Ànábì Muhammad (s.a.w.) kọ́ wa pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ń rin ìrìn-àjò, kí wọ́n fi ẹnì kan ṣe olórí. Bí ẹgbẹ́ bá háyà bọ́ọ̀sì, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa ka èrò nígbà tí a bá ń lọ àti nígbà tí a bá ń bọ̀. Kí àwọn arábìnrin wa sọ fún òbí wọn, kí wọ́n sì bá ẹbí tàbí àwọn ìyá ẹgbẹ́ lọ.

3. Ìrun lójú ọ̀nà

Kí òkun má gbàgbé ìrun mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí ìrìn-àjò tó nǹkan bí 80 kìlómítà ní àlọ kí a tó gé ìrun kúrú. Nítorí náà, ẹ bi lẹ́mọ́mù yín léèrè kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má ṣe dá a ṣe. Ní ti àlùwàlá, àwọn kan bi Ànábì (s.a.w.) nípa omi òkun, nítorí omi mímu tí wọ́n gbé kò pọ̀. Ó fi yé wọn pé omi òkun mọ́, ó sì ń fọ ènìyàn mọ́.

4. Òkun kì í ṣe odò ẹ̀yìnkùlé

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Nígbà òjò, ìgbì máa ń le gan-an ní etíkun wa. Omi tí ìgbì bá gbé wá sétí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń gba ojú kan tóóró padà pẹ̀lú agbára. Òun ni ó ń wọ́ àwọn tí ń wẹ̀ lọ sínú agbami, kódà òmùwẹ̀. Bí ó bá mú ènìyàn, kí ó má bá a jìjàkadì. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, kí ó dúró lórí iyanrìn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń rì, má ṣe bẹ́ sínú omi lásán: ké sí àwọn apẹja, ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i.

5. Ẹ̀kọ́ Ayétòrò

Ní ọdún 1947, àwọn ọmọlẹ́yìn Krístì kan tẹ ìlú Ayétòrò dó létí òkun. Wọ́n pa owó àti iṣẹ́ pọ̀, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá kò tíì ní in. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, òkun ti ń gba ìlú náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ti wọ inú omi, àwọn ará ìlú sì ti ní láti ṣí ilé ìjọsìn wọn kúrò níwájú ìgbì. Àwọn onímọ̀ ní òkun ń ga sí i nítorí pé ayé ń gbóná, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ sì ń rì. Wọ́n tún mẹ́nu ba wíwa epo rọ̀bì àti pípa igi etí omi run.

Ẹ má ṣe lọ wo èyí bí eré. Aládùúgbò wa ni wọ́n, ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò sì mọ sórí ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀sìn wa nìkan. Ẹ kí wọn, ẹ bèèrè bí nǹkan ti rí, ẹ ra ẹja lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì da ọ̀rá sínú omi wọn. Ẹni tí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ilẹ̀ tí baba ń gbé lè má kan ọmọ, kò ní gbéra ga lórí ilẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Irú ọ̀rẹ́ wo ni ẹ jẹ́ lójú ọ̀nà?
(b) Kí ni ẹ ó sọ fún awakọ̀ tí ń sáré jù, láìsí ìwọ̀sí?
(d) Ìrànlọ́wọ́ wo ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa lè ṣe fún àwọn tí òkun lé kúrò nílé?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní alábàárìn rere, kí Ó sì máa mú wa lọ, kí Ó máa mú wa bọ̀. Àmín.