Orí Kẹjọ: Ọ̀rọ̀ Sísọ Lábẹ́ Kánópì

Ní Bẹ́yẹrúnkà, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, ilé fara kan ilé. Bí wọ́n bá ń ṣòkú àgbà níbẹ̀, ojú títì ni wọ́n máa ń ta kánópì sí, nítorí kò sí gbàgede mìíràn. Wọ́n á to sípíkà ńlá jọ sápá kan, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn ilé, ògiri ọ̀tún á gba ohùn, á sì dá a padà fún ògiri òsì. Ẹni tó bá jókòó sáàárín wọn kò ríbi yà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba lọ́jọ́ Sátidé tí òde bá pọ̀.

Níbi irú òde bẹ́ẹ̀, olóde fẹ́ kí ọmọdébìnrin kan dúró ti ìkòkò ọbẹ̀. Ó pariwo pé, "Bá mi ṣọ́ ìkòkò yẹn!" Ọmọ náà lanu sílẹ̀. "Ẹ ní kí n fọ́ ọ, mà?" Ẹ̀rín pa àwọn alásè. Ọmọ náà kò gọ̀ o. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló sọ. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lára ọ̀rọ̀ wa nípọn, wọ́n máa ń la ariwo kọjá. Ṣùgbọ́n "f", "s" àti "ṣ" kò ju atẹ́gùn tó ń gba ètè àti eyín jáde lọ. Wọ́n tín-ín-rín, ariwo sì máa ń gbé wọn mì.

Àwọn ohùn tín-ín-rín wọ̀nyí náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ bí ariwo bá ti ba etí jẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ariwo ti ṣe léṣe fi máa ń wí pé, "Mò ń gbọ́ ohùn yín, ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ sínú ni." Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sínú. Orin ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́, ọ̀rọ̀ gan-an kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ló ń bàjẹ́ nínú etí? Ihò etí parí síbi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ohùn á mi awọ náà, awọ á mi eegun kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, eegun á sì mi omi tó wà nínú ẹ̀yà kan tó ká bí ìkarahun ìgbín. Inú ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tìn-tín wà, bíi 15,000 nínú etí kan. Àwọn ni wọ́n ń kó ìròyìn ohùn lọ sí ọpọlọ. Bí ariwo bá pọ̀ jù, àwọn irun yìí á dojú bolẹ̀. Bí etí bá rí ìsinmi, òmíràn á tún dìde. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kú kì í hù mọ́. Bí etí bá ń hó yeee lẹ́yìn òde, tàbí tó ṣe yín bíi pé wọ́n fi òwú dí i, etí ń sọ fún yín pé ìyà jẹ òun nìyẹn.

Dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ń bá ara wọn sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú yàrá tó bíi 60. Ní 85, etí lè gba wákàtí 8 lóòjọ́. Ṣùgbọ́n bí 3 péré bá lé sí i, àkókò náà á dín sí ìlàjì: ní 88, wákàtí 4, ní 91, wákàtí 2, ní 94, wákàtí 1. Bó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Òde wo ni Ìbàdàn ń ṣe fún ìṣẹ́jú 15? Iwájú sípíkà ńlá sì rèé, ariwo ibẹ̀ sábà máa ń kọjá 100. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìlànà fún àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ fún èrò: kí ariwo má ṣe ju 100 lọ bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì ní ibi ìdákẹ́jẹ́ kan tí èèyàn lè lọ fi etí sinmi.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kí ẹ tó mọ̀ pé ariwo ti pọ̀. Ẹ na apá sí ẹni tó wà níwájú yín. Bí ẹ bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti ń súnmọ́ 85, bí kò bá tilẹ̀ ti kọjá rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣé òní la bẹ̀rẹ̀ sí lùlù ni?" Òótọ́ ni. Ìlú ìlù ni Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n gbé adé lé Olúbàdàn, Ọba Rashidi Ládọjà, lórí ní Gbọ̀ngàn Mápó, lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, kò sẹ́ni tó lè retí pé kí Òkè Mápó dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ọdún 1929 tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn yẹn ni ìhó ayọ̀ ti ń ta níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá onílù máa ń ro ó. Á sinmi, á mu omi, á ṣí lọ sí ìdí ẹlòmíràn. Egúngún tó ń jó bọ̀ á kọjá lọ. Sípíkà kò mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀, ibi tí wọ́n gbé e sí láàárọ̀ ló máa wà títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Òun ni mo rò pé ó yẹ ká bá wíjọ́, kì í ṣe gángan.

Bí ẹ bá ti dé òde, ibi tí sípíkà wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ibi tí wọ́n gbé oúnjẹ sí. Ní ìta gbangba, bí ẹ bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ariwo á fi dẹ̀síbẹ̀lì 6 dín. Ká ní ó jẹ́ 106 ní mítà 1: ìṣẹ́jú 4 kò pé tí etí fi máa gba gbogbo ariwo tó lè gbà lóòjọ́. Ní mítà 8, ó ti di 88, ẹ sì lè lo wákàtí 4. Láàárín ògiri Bẹ́yẹrúnkà, kò ní dín tó bẹ́ẹ̀ nítorí ohùn tó ń padà bọ̀. Síbẹ̀, ẹ má jókòó sẹ́nu sípíkà nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n to àga aláṣọ ẹbí sí. Ẹ gbé àga yín.

Ọ̀rọ̀ wá kan bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi ẹnu mọ́ etí ẹnì kejì, wọ́n á sì pariwo sínú rẹ̀. Igbe bẹ́ẹ̀ nìkan lè kọjá 100 nínú etí ẹni ẹlẹ́ni. Tábìlì kan á gbé ohùn sókè, tábìlì kejì á gbé tirẹ̀, díjéè á rò pé wọn kò gbọ́ òun mọ́, á tún fi kún un.

Ọgbọ́n kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹran kékeré kan yọ síwájú ihò etí, lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ni kó fi ìka tẹ ẹran náà wọlé títí á fi bo ihò etí. Kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ súnmọ́ etí yẹn gan-an, kó fi ohùn tó mọ níwọ̀n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ á dá ṣáká. Ìka ti dín ariwo kù, ó sì dín ohùn tó wà nítòsí kù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu súnmọ́ etí, ọ̀rọ̀ ló máa lékè. Etí tí ariwo kò bò mọ́lẹ̀ sì mọ ohùn yà sọ́tọ̀. Bí ọmọdé bá fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀ báyìí, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí wọn tán, kó tó súnmọ́ etí wọn. Àgbà tó bá fi ìka bo etí kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ojú náà ń sọ̀rọ̀. Ìyá tó bá wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ fi dá ẹran padà sínú àwo, kò lanu. Kí olóde àti alásè fẹnu kò sórí àmì kí òde tó bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ sí ẹnu túmọ̀ sí oúnjẹ, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lórí ara wọn túmọ̀ sí pé ó ti tán. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ̀wé kọ, kí lẹ ń pariwo sí? Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù tàbí sórí bébà pélébé: "Tábìlì 6, omi." Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ẹ jáde lọ sẹ́yìn ilé tó dákẹ́.

Fún ẹni tó máa pẹ́ lójú agbo, bí onílù, díjéè, agbóúnjẹ tàbí ìyàwó, èdídí etí onífóòmù ló yẹ. Wọ́n ń tà á nílé oògùn. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ìka lọ́ ọ di tín-ín-rín, ẹ fi ọwọ́ kejì gba orí kọjá láti fa etí sókè, ẹ tì í wọlé, kí ẹ dì í mú títí á fi wú. Bó bá wọlé dáadáa, ó lè dín ariwo kù ní dẹ̀síbẹ̀lì 15 sí 30. Òwú lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti fi í sí etí, ohùn ara yín á máa rinlẹ̀ lórí yín, ẹ óò sì máa rọra sọ̀rọ̀ láìmọ̀. Ẹ gbé e sókè díẹ̀.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá kò lè sọ pé etí ń dun òun. Iwájú sípíkà kì í ṣe ibi tó yẹ kí ìyá ọlọ́mọ ti jó, bó ti wù kí owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí pọ̀ tó. Ẹ gbé ọmọ fún ẹni tó wà nínú ilé kí ẹ tó bọ́ sí agbo.

Bí etí bá ṣì ń hó lẹ́yìn ọjọ́ kan, tàbí tí etí kan bá dédé di, ẹ má ṣe da àdí tàbí omi kankan sí i. Awọ etí kò ní jẹ́ kí ó dé ibi tó bàjẹ́, bí awọ náà bá sì ti ya, ẹ óò tún fi ìṣòro kún ìṣòro. Ẹ lọ rí dókítà etí. Wọ́n wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957. Fún etí tó dédé di, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la, nítorí oògùn tó wà fún un máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí ó bá tètè dé. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ kí ẹ lè fi han dókítà:

"Etí ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Mo jókòó súnmọ́ sípíkà fún wákàtí 5. Ó ń hó, kò dùn mí, omi kò jáde níbẹ̀."

Àpẹẹrẹ lásán nìyẹn. Ẹ kọ tiyín bó ṣe rí.