KẸ̀KẸ́ AKẸ́RÙ ONÍNÁ MÀNÀMÁNÁ
Ẹ̀kọ́ fún ilé tí ó fẹ́ fi í rọ́pò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú London, pàápàá ní Peckham, níbi tí a ti ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èlùbọ́ ní gbangba ní òpópó Rye Lane. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ̀wé sí ilé pé òun fẹ́ fi £4,500 ra kẹ̀kẹ́, ẹ má ṣe wí pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ kọ́kọ́ ka ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí i, nítorí owó náà lè di èrè fún ilé rẹ̀, ó sì lè di òfò.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ kì í ṣe irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sí oko. A ṣe é fún ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ará Denmark ti ń fi irú rẹ̀ kó ọjà kiri láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1984 ni a sì ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta alápótí kan ní Christiania, ní ìlú Copenhagen, tí àwọn òbí ibẹ̀ wá sọ di ohun tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ kékeré àti bátìrì kún un, òkè kò tún dẹ́rù ba ẹni tí ń gùn ún mọ́.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe iṣẹ́ fún ọ̀lẹ. Bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀ ẹ́, kò ní ràn wá lọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 250 wáàtì lọ, kí ó sì dẹ́kun ìrànlọ́wọ́ bí eré bá ti di máìlì 15 àti ààbọ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 14 lè gùn ún láìgba ìwé àṣẹ, láìsan owó orí. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò kan bá fi èyí tí ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn yín, tí ó ń yangàn pé kò ní í béèrè ẹsẹ̀ rárá, ẹ kúrò níbẹ̀. Alùpùpù ni òfin ń pè é, ẹni tí a bá mú lórí rẹ̀ láìní ìwé yóò jẹ́jọ́.

Nísinsìnyí, kí a ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: bàbá, ìyá àti ọmọ 2. Kí ìyá ilé mú ìwé pélébé, kí ó sì kọ gbogbo ìrìn tí ọkọ̀ ń rìn ní ọ̀sẹ̀ 2 sílẹ̀. Ìrìn ilé ìwé, ti ọjà, ti ilé oníṣègùn. Yóò yà á lẹ́nu bí wọ́n ti kúrú tó. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ máìlì 20 ní ọ̀sẹ̀ kan. Lítà epo 2 àti ààbọ̀ ni ó lè jẹ. Bí lítà bá jẹ́ £1.40, £3.50 ni ọ̀sẹ̀ kan, £182 ni ọdún kan. Ẹni tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ £4,500 nítorí epo nìkan, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì wà níwájú ilé síbẹ̀, yóò dúró fún nǹkan bí ọdún 25 kí owó rẹ̀ tó padà. Kẹ̀kẹ́ kankan kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kékeré.

Níbi tí èrè wà ni kí a ta ọkọ̀ náà. Bí ìbánigbófò, owó orí, àyẹ̀wò ọdọọdún, àtúnṣe, epo àti iye tí ọkọ̀ ń sọnù bí ó ti ń gbó bá jẹ́ £3,000 lọ́dún, tí a sì yọ £500 fún ìtọ́jú kẹ̀kẹ́, £2,500 ni yóò kù. Kí ọdún 2 tó pé, kẹ̀kẹ́ ti san owó ara rẹ̀. Iná tí bátìrì tí ó mọ níwọ̀n ń mu kí ó tó kún kò tó 20 pẹ́nì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ìṣirò yìí yàtọ̀ fún: ẹni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ eléèéfín. Láti ọjọ́ 29 oṣù Ògún ọdún 2023, gbogbo àdúgbò London ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń san £12.50 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá wà á. Ọjọ́ 190 ni àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé lọ́dún. £2,375 nìyẹn, fún máìlì kan àti ààbọ̀ lásán.

Kí ọkọ ilé tó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí ó rántí ọjọ́ Ìsinmi. Kẹ̀kẹ́ kan gba àgbàlagbà 1 àti ọmọ 2. Bí ìjọ bá jìnnà, tí ìṣọ́ òru sì wà, tàbí tí ìyá àgbà ti ilé wá ṣe ọlọ́jọ̀jọ̀, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ tí a háyà fún ọjọ́ kan ni yóò gbé wọn. Ẹ kọ iye náà sínú ìṣirò pẹ̀lú. Ilé tí kò lè ṣe èyí láìsí ìjà kò tíì tó láti ta ọkọ̀.

Oríṣi 2 ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan gùn lẹ́yìn, ọmọ ń jókòó sí ẹ̀yìn ẹni tí ń gùn ún. Èkejì ní àpótí níwájú. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣubú bí ó bá dúró, ṣùgbọ́n bí a bá fi eré yí kọ́nà, ó lè dojú dé. Èmi fẹ́ràn ẹlẹ́yìn gígùn, nítorí ó gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Síbẹ̀, ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni: ẹ háyà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ di páálí iṣu lé e, kí ẹ gun òkè Crystal Palace, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì tí ó bá ń ké tàbí tí ó ń fà nílẹ̀ kò yẹ fún ọmọ. Ọmọ tí kò tíì lè jókòó dáadáa kí ó gbé orí dúró kò gbọdọ̀ gun ún. Kí àwọn tí ó kù dé akoto.

Ẹ wo irin tí ó gbé kẹ̀kẹ́ ró pẹ̀lú. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Netherlands dá ọjà iléeṣẹ́ ńlá kan dúró nítorí pé irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́. Bí ẹ bá ń ra àlòkù, kí alátùn-únṣe yẹ gbogbo ojú ibi tí a jó pọ̀ wò.

Àti ilé gbígbé ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ yìí lè wọ̀n tó kílò 30 sí 60 láìsí ẹrù. Ẹni tí ń gbé ní àjà kẹta, tí kò ní ibi àgádágodo nísàlẹ̀, kí ó má wulẹ̀ rà á. Olè yóò bá a gbé e.

Ohun tí ó kù ni iná. Àwọn panápaná London ti kìlọ̀ púpọ̀ lórí bátìrì olówó pọ́ọ́kú àti ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má ṣe fi iná sí i ní ọ̀nà àbájáde ilé, ẹ má sì ṣe sùn tì í. Bátìrì tí ó ti jábọ́ tàbí tí ó wú, ẹ má tún fi iná sí i mọ́. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wá sí ilé fún ọdún Kérésìmesì, ẹ yọ ọ́, kí ó kún dé nǹkan bí ìdajì, kí ẹ sì gbé e sí yàrá gbígbẹ tí òtútù kò ti pọ̀, títí ẹ ó fi padà.