Yáàdì Kan, Ọwọ́ Mẹ́sàn-án: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ẹṣin



Gbogbo wa la mọ yáàdì. Ẹni tó bá ti ra ànkárá rí ti gbọ́ "yáàdì mẹ́fà." Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ bí ẹṣin ṣe ga tó. Láyé àtijọ́, ìbú ọwọ́ ènìyàn ni. Lónìí, ọwọ́ kan jẹ́ íǹṣì 4 géérégé, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10.16. Láti ilẹ̀ dé ibi tó ga jù ní èjìká ẹṣin ni wọ́n ń wọ̀n. Wọn kì í wọ̀n ọ́n dé orí, torí orí ẹṣin kì í dúró sójú kan.

Yáàdì kan jẹ́ íǹṣì 36. Ọwọ́ mélòó nìyẹn? Ẹ pe 36 ní Yorùbá: mẹ́rìndínlógójì. Ogójì ni, a yọ mẹ́rin kúrò. Ogójì íǹṣì jẹ́ ọwọ́ mẹ́wàá. Mẹ́rin tí a yọ jẹ́ ọwọ́ kan. Ó ku ọwọ́ mẹ́sàn-án. Orúkọ nọ́ńbà yẹn ti bá wa ṣe ìṣirò náà tán!

- Láti yáàdì sí ọwọ́, ẹ fi 9 sọ ọ́ di púpọ̀: yáàdì 2 jẹ́ ọwọ́ 18.
- Láti ọwọ́ sí yáàdì, ẹ fi 9 pín in: ọwọ́ 16 jẹ́ yáàdì 1, ó ṣẹ́ ku ọwọ́ 7, ìyẹn íǹṣì 28.

Ibi tí èmi ti ṣubú rèé. Àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń kọ 14.2. Mo rò pé ọwọ́ 14 àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá ni. Rárá o! Ọwọ́ 14 àti íǹṣì 2 ni. Lẹ́yìn 14.3, 15.0 ló kàn. Kò sí 14.4.

Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan fún ọ̀rẹ́ mi tí ọmọ rẹ̀ ń gun ẹṣin. Nínú ìdíje ọmọ náà, ẹṣin tó bá ju 14.2, ìyẹn íǹṣì 58, kì í ṣe póní mọ́. Ẹṣin tiwọn jẹ́ 14.3. Kóòdù mi fi 4 sọ 14.3 di púpọ̀, ó rí íǹṣì 57.2, ó ní póní ni. Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n wọn ẹṣin: íǹṣì 59. Wọ́n dá ọmọ náà padà, ó sì sunkún délé. Kóòdù mi ò kígbe pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ńṣe ló parọ́ pẹ̀lú ìgboyà.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ẹ ka 14.2 bí ọ̀rọ̀, ẹ má kà á bí nọ́ńbà. Ẹ gé e sí méjì níbi pọ́ìntì. Ẹ fi 4 sọ apá òsì di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá ro apá ọ̀tún mọ́ ọn: 56 + 2 = 58. Bí apá ọ̀tún bá ju 3 lọ, kí kóòdù kọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ ilé: ẹṣin kan ga ní yáàdì 1 àti íǹṣì 27. Ọwọ́ mélòó ni?

Ìdáhùn: íǹṣì mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ọgọ́ta jẹ́ ọwọ́ 15, ó lé mẹ́ta: 15.3. Ẹ ò rí i pé Yorùbá tún ti ṣe é fún wa?