Kí ẹ tó ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fún iṣẹ́ ilẹ̀ onípákó

Ẹ̀yin káfíńtà wa n'Ígbó-Ọrà, Èrúwà, Ìdèrè àti Láńlátẹ̀, ọ̀rọ̀ yín la mú wá lónìí. Sìmẹ́ńtì àti táìlì ló pọ̀ jù nílẹ̀ ilé wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí onílé kan bá ní ilẹ̀ onípákó lòun fẹ́, owó gidi wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti máa ń ronú àtira kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bíi tàwọn fọganáísà, kẹ́ ẹ lè máa fi ìbọn yin ìṣó dípò òòlù. Ẹni tó bá rà á ṣì, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló há síbẹ̀ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú pákó tí oníbàárà fẹ́. Laminate tí wọ́n ń fi etí ọ̀kan há mọ́ èkejì kì í gba ìṣó, ó kàn ń jókòó lórí fóòmù pẹlẹbẹ ni. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wà lẹ́sẹ̀ ògiri ńkọ́? Ìṣó wẹ́wẹ́ inú ìbọn kì í wọ ògiri búlọ́ọ̀kù, gọ́ọ̀mù tàbí ìṣó kọnkéré lẹ máa lò. Bó bá jẹ́ irú iṣẹ́ yìí nìkan lẹ̀ ń ṣe, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò. Ojúlówó pákó tí wọ́n ń kàn mọ́ plywood tàbí igi tí wọ́n ti tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì ló ń fẹ́ ìbọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi bí táǹkì ṣe tóbi tó ra ẹ̀rọ. Àmù lásán ni táǹkì. Ẹni tó ń pọnmi sínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀rọ ní CFM, tàbí iye lítà ní ìṣẹ́jú kan (CFM kan jẹ́ nǹkan bíi lítà 28). Ẹ bèèrè iye tó ń tú jáde ní PSI 90, nítorí iye tí ẹ̀rọ ń gbé mì ni wọ́n sábà máa ń kọ, èyí tó ń jáde kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìbọn ìṣó ń fẹ́ PSI 70 sí 100, àmọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Táǹkì lítà 24 tàbí 25 àti mọ́tò HP 1.5 sí 2 tó fún ìbọn kan. Ẹni tó bá tún fẹ́ máa fọ́n fáńíṣì ni kó wá ńlá, nítorí ìyẹn kì í sinmi.

Ti iná ló le jù. HP kan jẹ́ wáàtì 746, ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé HP 2, yóò kú tàbí kó ba mọ́tò jẹ́. Ẹ ṣírò owó epo bẹntiróò mọ́ owó iṣẹ́ o, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, a ti rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ti fọganáísà tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kò fẹ́ iná, ṣùgbọ́n ìta ni kó wà: èéfín rẹ̀ ń pààyàn nínú yàrá. Bí ibi iṣẹ́ bá sì jìn sí iná, ẹ fa rọ́bà afẹ́fẹ́ gùn, ẹ má fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gùn, òun ló ń jó mọ́tò.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ wo ìsàlẹ̀ táǹkì. Omi inú afẹ́fẹ́ ń dúró síbẹ̀, ó sì ń dípẹtà láti inú. Èyí tí wọ́n ti jó ní wẹ́dà, ẹ fi sílẹ̀, nítorí ó lè bẹ́. Ẹ gbá a kún, ẹ pa á, kẹ́ ẹ máa wo géèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó ka owó.